Kí ló pa á? Ìdáhùn sí ìbéèrè àwọn ọlọ́sìn màlúù

Lẹ́tà nípa màlúù tó ń kú ló pọ̀ jù nínú àwọn tó dé ọ̀dọ̀ wa lóṣù yìí, láti Kétu, láti Sábẹ̀ẹ́, títí dé etí ọ̀sà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Benin wa níbí. A ti yọ orúkọ àwọn tó kọ̀wé kúrò. Ìwọ̀n oògùn tí ẹ máa rí nísàlẹ̀ ni ìwọ̀n tí àwọn oníṣẹ́ ń lò, àmọ́ ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran kọmúùnù yín rí ẹran náà kí ẹ tó fa oògùn sínú síríńjì.

ÌBÉÈRÈ (Kétu): Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó kọjá, màlúù mi jẹ́ 40, 10 nínú wọn kò tíì pé ọdún kan. A bí 15 láàárín ọdún, mo ta àgbà 6, 7 sì kú: àgbà 2, àti 5 nínú àwọn ọmọ tí a bí lọ́dún náà. Ó ku 42 nígbà tí ọdún parí. Ẹ̀gbọ́n mi ní kò sí agbo tí ikú kì í dé, pé kí n má da ara mi láàmú. Ṣé 7 pọ̀ jù? Báwo la ṣe ń ṣírò rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìrọ́jú. Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n yín sọ, kò sí agbo tí ikú kì í dé, àmọ́ ó ní ìwọ̀n. Ẹ ro iye ẹran tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún pọ̀ mọ́ iye tó wà ní ìparí rẹ̀, kí ẹ pín in sí méjì. 40 àti 42 jẹ́ 82, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 41. Ẹ mú 7 tó kú, ẹ fi 41 pín in, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po 100: ó máa fún yín ní nǹkan bíi 17. Ìyẹn ni pé ká ní màlúù yín jẹ́ 100, 17 ni ì bá kú láàárín ọdún kan. Ẹni tó bá fi 40 nìkan pín in ti gbàgbé pé òmíràn wọlé, òmíràn sì jáde kí ọdún tó parí.

Àmọ́ 17 yẹn kò tíì wúlò fún nǹkan kan, nítorí ó da ọmọ pọ̀ mọ́ àgbà. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọmọ 15 ni a bí láàyè, 5 kú: ìyẹn jẹ́ 33 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó ti kọjá ọdún kan jẹ́ 30 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Nígbà tí àwọn 10 ìjọsí dàgbà, tí ẹ ta 6, tí 2 sì kú, wọ́n di 32. Àròpín wọn jẹ́ 31. Ikú 2 nínú 31 jẹ́ nǹkan bíi 6 nínú ọgọ́rùn-ún.

Nínú agbo ìbílẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà níbí, ọmọ tó ń kú kí ó tó pé ọdún kan sábà máa ń wà láàárín 10 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún, àgbà sì máa ń wà láàárín 2 sí 5. Ti àgbà yín ga díẹ̀. Ti ọmọ yín ló burú, ó sì dá wa lójú pé owó tí ẹ ń ná lórí abẹ́rẹ́ àgbà pọ̀ ju èyí tí ẹ ń ná lórí ọmọ lọ, nítorí bẹ́ẹ̀ ló rí nínú ọ̀pọ̀ agbo. Màlúù àgbà tó bá ṣubú, gbogbo ilé á gbọ́. Ọmọ ọlọ́sẹ̀ méjì tó bá kú, wọ́n á kàn wọ́ ọ jù sígbó. Ibẹ̀ gan-an ni agbo ti ń run. Ẹni tó bá tọ́jú ọmọ dáadáa lè mú ikú wọn wálẹ̀ sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan mẹ́ta kan nínú ìṣirò yìí. Àkọ́kọ́, màlúù tí ẹ pa nítorí pé ó ti ń kú lọ, tàbí tí ẹ tà fún alápatà lówó pọ́ọ́kú nítorí àìsàn, òkú ni. Ẹ kà á mọ́ òkú, ẹ má kà á mọ́ títà. Èkejì, oyún tó wálẹ̀ àti ọmọ tí a bí ní òkú kì í wọ inú 15 yẹn. Ojú ewé tiwọn ni kí ẹ kọ wọ́n sí, torí ohun tó ń fa oyún wíwálẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tó ń pa ọmọ tó ti mí. Ẹ̀kẹta, agbo kékeré máa ń tanni jẹ. Nínú àgbà 31, màlúù kan ṣoṣo ti jẹ́ 3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ kó ọdún mẹ́ta pọ̀ kí ẹ tó sọ pé nǹkan ń dára tàbí ó ń bàjẹ́.

Ẹ má sì da iye tó ṣàìsàn pọ̀ mọ́ iye tó kú. Tí fièvre aphteuse, àrùn ẹnu àti pátákò, bá wọ agbo, gbogbo ẹran lè máa tiro, kí itọ́ máa ṣàn lẹ́nu wọn, síbẹ̀ àgbà tó ń kú kì í sábà tó 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ wọn ni ó ń pa, nítorí ọkàn ló ń bá jà lára ọmọ. Ọmọ lè ṣubú kú láìní egbò kankan lẹ́nu.

Ìwé kékeré kan tó fún àkọsílẹ̀ òkú. Ọjọ́ tó kú, orúkọ tàbí àmì etí rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, ìyá rẹ̀, ohun tí ẹ rí lára rẹ̀, ọjọ́ mélòó ló fi ṣàìsàn, oògùn tí ẹ lò, àti ohun tí dókítà rí nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì, ẹ wo oṣù tí òkú pọ̀ sí. Tó bá jẹ́ òpin ẹ̀ẹ̀rùn, oúnjẹ àti omi ni ẹ máa kọ́kọ́ wò, pàápàá lórí òkè Kétu tí omi orí ilẹ̀ kò pọ̀: màlúù àgbà ń fẹ́ lítà 30 sí 40 lójúmọ́ nígbà ooru. Tó bá jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ẹ wo àrùn inú ilẹ̀ àti eégbọn.

ÌBÉÈRÈ (Sábẹ̀ẹ́): Èmi ni mo ń fi wàrà màlúù wa se wàgáàsì. Àwọn ọmọ màlúù máa ń ṣu omi láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní sí ìkẹta, ọ̀pọ̀ á sì kú. Ìyá wọn sanra. Tẹtirasaikilíìnì èèyàn ni mo ń tú sí wọn lẹ́nu, kò ṣiṣẹ́.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́. Kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ní wákàtí tí a bí i.

Ọmọ màlúù kì í gba ohun ìdáàbòbò kankan látinú ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ nígbà tó wà nínú oyún. Inú wàrà àkọ́kọ́ ló wà, èyí tó ki, tó pọ́n bíi pupa ẹyin. Ìfun ọmọ ṣí sílẹ̀ láti gbà á fún wákàtí díẹ̀; lẹ́yìn wákàtí 6 ó ti ń padé, nígbà tó bá di wákàtí 24 ó ti padé tán. Lẹ́yìn náà, bó mu lítà mẹ́wàá, oúnjẹ lásán ni. Ìwọ̀n rẹ̀ ni ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwúwo ọmọ: ọmọ Borgou, irú màlúù tó pọ̀ lọ́dọ̀ wa, tó wúwo tó kílò 18 sí 20 gbọ́dọ̀ mu nǹkan bíi lítà 2 kí wákàtí 6 tó pé, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 2 àkọ́kọ́. Ẹ má rò pé ó ti mu nítorí pé ó dúró sábẹ́ ìyá rẹ̀. Ẹ wo orí ọmú: èyí tí ọmọ ti fà máa ń mọ́, ó máa ń dán, kì í ní ìdọ̀tí gbígbẹ lórí. Tí kò bá tíì mu, ẹ so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ìyá, ẹ fún wàrà náà sínú igbá tó mọ́, kí ẹ fi ìgò olórí rọ́bà fún ọmọ ní dídúró. Ẹ má dà á sí i lọ́fun. Ẹ̀dọ̀fóró ló máa gbà.

Ọ̀rọ̀ wàgáàsì ló kàn, ẹ ó sì dárí jì wá. Abo Borgou kì í sábà fúnni ju lítà 1 sí 2 lọ lójúmọ́ lẹ́yìn ti ọmọ rẹ̀. Ọmọ oníkílò 20 ń fẹ́ lítà 2 lójoojúmọ́, oníkílò 30 ń fẹ́ 3. Tí ẹ bá fún ọmú mẹ́rin tán ní àárọ̀ kí ẹ tó tú ọmọ sílẹ̀, ìyàngbẹ ọmú ló ń fà títí dalẹ́. Ebi yìí kì í pa á lójú ẹsẹ̀. Àgbẹ́ gbuuru àkọ́kọ́ tó bá dé ló máa gbé e lọ. Fún oṣù àkọ́kọ́, ẹ má fún wàrà rárá tàbí kí ẹ fi ọmú méjì sílẹ̀ pátápátá fún ọmọ, kí ó jẹ́ ọmú méjì kan náà lójoojúmọ́ kí ẹni tó ń fún un má baà ṣì í. Wàgáàsì tí ẹ pàdánù lóṣù yẹn kò tó iye ọmọ màlúù kan.

Ìwọ́ náà ṣe pàtàkì. Bí a bá ti bí ọmọ, ẹ rì ìwọ́ rẹ̀ bọ inú iodine 7 nínú ọgọ́rùn-ún, nínú ife kékeré, kí ó bò ó dé ara ikùn, kí ẹ sì tún un ṣe lọ́jọ́ kejì. Ní ọjọ́ kẹrin ẹ fi ìka mú ìdí rẹ̀ níbi tó ti wọ ikùn. Èyí tó dára ti gbẹ, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò gbóná. Èyí tó wú tó àtàǹpàkò, tó gbóná, tí ọmọ ń ta ẹsẹ̀ nígbà tí ẹ fọwọ́ kàn án, kòkòrò ti wọ ibẹ̀, ó sì ń lọ sí ẹ̀dọ̀ àti oríkèé. Ọmọ tí orúnkún rẹ̀ wú ní ọ̀sẹ̀ kejì, láti ìwọ́ ni. Ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.

Àgbẹ́ gbuuru fúnra rẹ̀: omi àti iyọ̀ tó ń bá a jáde ló ń pa ọmọ. Ẹ fún awọ ọrùn rẹ̀ pọ̀, kí ẹ jù ú sílẹ̀. Tó bá padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2, ó ṣì ní omi lára. Tó bá dúró bẹ́ẹ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 4 lọ, tí ojú rẹ̀ sì ti wọ ihò, wàhálà ti dé. Ẹ po omi iyọ̀ àti ṣúgà: lítà omi mímọ́ kan, ṣúgà ṣíbí tíì 6 tí a gé ojú rẹ̀ tẹ́jú, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Oògùn omi iyọ̀ tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní ilé ìwòsàn náà dára. Ọmọ oníkílò 20 ń gba lítà 1 ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ẹ jẹ́ kí wákàtí 2 wà láàárín rẹ̀ àti wàrà, ẹ má sì dá wàrà dúró. Ẹni tó bá fi ebi pa ọmọ tó ń ṣu omi ló ń ran àrùn lọ́wọ́. Ọmọ tí kò lè gbé nǹkan mì mọ́, abẹ́rẹ́ omi sínú iṣan nìkan ló lè gbà á.

Tẹtirasaikilíìnì yẹn, ẹ fi sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbẹ́ gbuuru ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kì í ṣe èyí tí oògùn apakòkòrò ń ṣe nǹkan fún, ó sì ń ba inú ọmọ jẹ́ sí i. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sábà máa ń jẹ́ coccidiose, àrùn kòkòrò inú ìfun. Oògùn rẹ̀ ni amprolium, mílígíráàmù 10 fún kílò kan, fún ọjọ́ 5. Èyí tó rí bí amọ̀, tó ń rùn gan-an, tí ikùn ọmọ wú tí irun rẹ̀ sì dúró ṣánṣán, ẹ fura sí aràn gígùn tó ń gba inú wàrà ìyá wọ ọmọ. Aràn yẹn ti lè pọ̀ nínú ìfun ọmọ kí ó tó jẹ koríko kan. Levamisole, mílígíráàmù 7.5 fún kílò kan, láàárín ọjọ́ 14 sí 21 tí a bí i, ló ń lé e. Ẹni tó ń dúró títí di oṣù mẹ́ta kí ó tó fún ọmọ ní oògùn aràn ti pẹ́ jù fún èyí.

Ẹ wo ibi tí ẹ ń so wọ́n mọ́ lálẹ́ pẹ̀lú. Ọmọ ọlọ́jọ́ 5 àti ọmọ oṣù méjì lórí okùn kan náà, nínú ẹrẹ̀ kan náà, èyí tó dàgbà ló ń ṣu àrùn sílẹ̀ fún kékeré. Ẹ yà wọ́n, kí ẹ sì máa ṣí ibùdó okùn ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì.

ÌBÉÈRÈ (Sábẹ̀ẹ́): Ilẹ̀ mọ́, a bá akọ màlúù kan nílẹ̀ ní ìtòsí odò Okpara. Kò ṣàìsàn lánàá. Ikùn rẹ̀ wú, ẹ̀jẹ̀ dúdú ń jáde ní imú àti ní ìdí. Àwọn kan ní ejò ni, alápatà sì ń bẹ̀ wá kí a tà á fún òun kí ó tó bàjẹ́. Kí la ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ má jẹ́ kí ọ̀bẹ kàn án. Títí tí dókítà á fi sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ kà á sí charbon bactéridien, àrùn tó ń pa ẹran tó sì ń pa èèyàn.

Ikùn wíwú kò ní ẹ̀rí kankan nínú. Òkú màlúù èyíkéyìí á wú nínú ooru wa kí ọ̀sán tó pọ́n. Ohun tó yẹ kí ẹ wò ni mẹ́ta: ó kú lójijì láìsí àìsàn, ẹ̀jẹ̀ dúdú tí kì í dì ń jáde ní ihò ara, ara rẹ̀ kò sì gan bí òkú ṣe ń gan. Ìdí tí a kò fi gbọ́dọ̀ là á ni pé níwọ̀n ìgbà tí awọ bá ṣì dì, kòkòrò náà ń kú pẹ̀lú ìjẹrà láàárín ọjọ́ bíi mẹ́ta. Tí atẹ́gùn bá kan ẹ̀jẹ̀ náà, ó máa wọ èèpo líle tí oòrùn àti òjò kì í ràn, á sì wà nínú ilẹ̀ yẹn fún ọ̀pọ̀ ẹ̀wádún, kí màlúù àwọn ọmọ yín tó wá jẹ koríko níbẹ̀. Ọ̀bẹ alápatà kan lè ba pápá jẹ́ fún ìran kan.

Ẹ ránṣẹ́ sí dókítà ẹran kọmúùnù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀; òun ló máa gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní iṣan etí. Ẹ lé agbo kúrò ní pápá náà. Ẹ má wọ́ òkú náà nílẹ̀. Ẹ fi aṣọ dí imú, ẹnu àti ìdí rẹ̀, kí ẹni tó ń ṣe é wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí ajá àti igún má sì dé ibẹ̀. Sísun ló dára jù, pẹ̀lú igi tó pọ̀ lábẹ́ rẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ á fi di eérú. Tí igi kò bá sí, ẹ gbẹ́ kòtò tó jìn tó mítà 2 ní ibi tó ti kú gan-an bó bá jìnnà sí omi, kí ẹ da ilẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kàn mọ́ ọn, kí ẹ sì fi ẹ̀gún yí i ká. Ẹ ò gbọdọ̀ bó awọ rẹ̀, ẹ ò sì gbọdọ̀ jẹ ẹran rẹ̀; sísè lórí iná ilé kò mú un dára.

Àwọn tó kù nínú agbo yóò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Kòkòrò tó wà láàyè tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára ló wà nínú abẹ́rẹ́ yẹn, nítorí náà tí ẹ bá gún ẹran ní oògùn apakòkòrò lọ́jọ́ kan náà, ẹ ti pa àjẹsára náà. Ẹ fi ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan sí i láàárín. Ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan òkú náà tí egbò kan sì yọ sí i lára, tí kò dun òun, tí àárín rẹ̀ dúdú, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ó ní oògùn tí a bá tètè dé.

Ìdí mìíràn wà fún ikú òjijì, a ó sì mẹ́nu bà wọ́n kí ẹ lè mọ ìyàtọ̀. Màlúù ọmọ oṣù 6 sí ọdún méjì, èyí tó sanra jù nínú agbo, tó ń tiro lánàá, tí itan tàbí èjìká rẹ̀ wú, tí abẹ́ awọ ibẹ̀ sì ń dún pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́: charbon symptomatique nìyẹn, ó ní àjẹsára tirẹ̀, kì í sì ran èèyàn. Mànàmáná sábà máa ń pa ju ẹyọ kan lọ lábẹ́ igi kan, koríko á ṣì wà lẹ́nu wọn. Èyí tó ń rìn bí ẹni tó ń gbé ẹsẹ̀ ga, tó ń yí po, tó sì kú láàárín ọjọ́ 2 sí 3 pẹ̀lú ibà, eégbọn ńlá aláràbarà ló fún un ní cowdriose; omi púpọ̀ máa ń wà nínú àyà rẹ̀ àti nínú àpò ọkàn. Ejò ń bu màlúù jẹ lóòótọ́, ojú ibi tó bù ú jẹ sì máa ń wú, àmọ́ ejò ni wọ́n ń di gbogbo ikú òjijì rù, nítorí náà ni àjẹsára kò fi dé ibi tó yẹ kí ó dé.

ÌBÉÈRÈ (Kétu): Mo ra màlúù funfun oníwo gígùn 8 láti apá òkè. Oṣooṣù ni mo ń gún wọn ní abẹ́rẹ́ àrùn eṣinṣin tsétsé, síbẹ̀ wọ́n ń rù, 3 ti kú. Ṣé ayédèrú ni oògùn náà?

ÌDÁHÙN: Ó lè jẹ́ ayédèrú, àmọ́ ìwọ̀n ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Àpò diminazène, oògùn àrùn eṣinṣin tsétsé, tó jẹ́ gíráàmù 2.36 tí gbogbo ọjà ń tà ní gíráàmù 1.05 oògùn gan-an nínú. Mílílítà 15 omi abẹ́rẹ́ mímọ́ ni a fi ń pò ó, mílílítà 5 sì ni fún kílò 100. Ìyẹn ni pé àpò kan ń tọ́jú kílò 300: màlúù ńlá kan, tàbí àwọn ọ̀dọ́ méjì. Ọ̀pọ̀ ń pín àpò kan fún màlúù mẹ́ta mẹ́rin. Ìwọ̀n kékeré yẹn kì í pa kòkòrò. Ó ń kọ́ ọ bí yóò ṣe fara da oògùn ni, lẹ́yìn náà ẹ̀kún ìwọ̀n pàápàá kò ní ràn án.

Ẹ má fojú díwọ̀n ìwúwo. Ẹ mú okùn ìwọ̀n télọ̀, ẹ wọn àyíká àyà lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, kí ẹ wọn gígùn láti orí èjìká dé egungun ìdí. Ẹ fi ìwọ̀n àyà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ fi gígùn sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ fi 10,840 pín in. Àyà sẹ̀ǹtímítà 140, gígùn 115: nǹkan bíi kílò 208. Mílílítà 10 àti díẹ̀ ni oògùn tirẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, torí kì í ṣe gbogbo màlúù tó rù ni eṣinṣin bá jà. Tó bá jẹ́ òun lóòótọ́, diminazène ń wò ó sàn ni, kì í dáàbò bò ó fún ìgbà pípẹ́. Èyí tó ń dáàbò bo ẹran fún oṣù 2 sí 4 ni isométamidium, mílígíráàmù 0.5 sí 1 fún kílò kan. Oògùn méjèèjì ni a ń fi ṣe pàṣípààrọ̀ ara wọn kí kòkòrò má baà mọ ọ̀kan lára jù.

Ohun tó dùn wá jù nínú lẹ́tà yìí ni irú ẹran tí ẹ rà. Màlúù kékeré etí ọ̀sà àti Somba, irú màlúù kékeré apá àríwá, ti bá eṣinṣin yìí gbé tipẹ́, ara wọn mọ̀ ọ́n. Borgou, tó jẹ́ àdàlù, mọ̀ ọ́n díẹ̀. Màlúù funfun oníké, irú èyí tí ẹ rà, kò mọ̀ ọ́n rárá. Tí ẹ bá fẹ́ràn ìwọ̀n ẹran wọn, ẹ mú akọ wọn gun abo Borgou, kí ẹ má kó odidi agbo wọn wá sí ìgbẹ́ Kétu.

Ẹ yẹ eégbọn wò pẹ̀lú. Irú kékeré kan, Rhipicephalus microplus, wọ orílẹ̀-èdè wa pẹ̀lú màlúù tí wọ́n kó wá láti Brazil ní nǹkan bí ọdún 2004, ó sì ti tàn ká. Ara màlúù kan náà ló máa ń wà fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó já bọ́, ó sì ń gbé àrùn tó ń sọ ìtọ̀ di pupa. Ọ̀pọ̀ oògùn eégbọn kò ràn án mọ́. Ẹ lo amitraz 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún: mílílítà 2 sínú lítà omi kan, lítà 3 sí 5 fún àgbà kan, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Kí ó dé inú etí, abẹ́ ìrù, àárín itan àti ara ọmú. Ẹ̀yìn nìkan ni ọ̀pọ̀ ń fọ́n ọn sí, eégbọn kì í sì í gbé ẹ̀yìn.

ÌBÉÈRÈ (Àjàṣẹ́): Lẹ́yìn tí omi ọ̀sà fà sẹ́yìn, ìsàlẹ̀ àgbọ̀n màlúù wa máa ń wú bí ẹni tó kó omi sí i. Wọ́n á rù, wọ́n á kú ní ẹ̀ẹ̀rùn.

ÌDÁHÙN: Aràn ẹ̀dọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ìgbín kékeré inú àbàtà ló ń tọ́ ọ, koríko etí omi sì ni màlúù fi ń jẹ ẹ́. Tí alápatà bá gé ẹ̀dọ̀, ẹ jẹ́ kí ó fi ọ̀bẹ la ọ̀nà òróòro: ó ti le, ọ̀bẹ á máa dún lórí rẹ̀, aràn pẹlẹbẹ tó rí bí ewé á sì jáde. Albendazole, mílígíráàmù 10 fún kílò kan, ń pa èyí tó ti dàgbà nìkan. Triclabendazole, mílígíráàmù 12, ń pa kékeré náà. Ẹ lò ó nígbà tí omi bá ti fà tán, kí ẹ tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ẹ má fún abo tí oyún rẹ̀ kò tíì ju oṣù kan àbọ̀ lọ ní albendazole.

Tí alápatà bá tún bá ìdì ọ̀rá (náílọ́ọ̀nù) nínú ikùn ńlá rẹ̀, kò sí oògùn tó ń yọ ìyẹn. Ẹ má da màlúù yín lọ jẹ̀ lórí ààtàn ìlú.

ÌBÉÈRÈ (Kétu): Èèpo ẹ̀gẹ́ láti ibi tí wọ́n ti ń ṣe gààrí pọ̀ lọ́dọ̀ wa, mo sì gbọ́ pé ó ń pa màlúù. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Tútù rẹ̀ ń pa á, pàápàá ti ẹ̀gẹ́ kíkorò, àti fún màlúù tí ebi ti pa láti àárọ̀. Oró inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ara lo atẹ́gùn tó mí sínú, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á pọ́n rokoṣo, á máa mí gúlegúle, á sì lè kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó ń wò ó sàn wà lọ́wọ́ dókítà, àmọ́ kì í sábà dé lákòókò. Ẹ sá èèpo náà ní oòrùn fún ọjọ́ 3, kí ó má nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, kí ẹ máa yí i. Ẹ jẹ́ kí màlúù kọ́kọ́ jẹ koríko, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kílò 1 èèpo gbígbẹ fún àgbà kan lójúmọ́, kí ẹ sì máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ewé ẹ̀gẹ́ tútù àti ọ̀kà bàbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù lẹ́yìn ìkórè ní oró kan náà. Ọmọ tó ń da ẹran gbọ́dọ̀ mọ oko tí ẹ̀gẹ́ àti ọ̀kà bàbà bẹ́ẹ̀ wà kí ó tó kó ẹran jáde.